Oògùn Àárọ̀-Dalẹ́ Tí Bàbá Bọ́sẹ̀ Ń Wá Kiri

Pọ́ọ̀lù Sẹ̀wànù, Àjàní ọkọ mi. Àjàní, ọmọ a-dẹ-àwọ̀n-lówùúrọ̀, ọmọ a-tú-u-nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọ̀sà tí kì í gbẹ, kí òùngbẹ má baà gbẹ ará ilé rẹ̀. Ọmọ àgbọn etí òkun, afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣẹ́. Ọmọ a-wo-ojú-omi-sọ-ohun-tó-wà-nísàlẹ̀. Ọmọ tí a jà kí a tó rí. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Àwórì ló máa ń kì í báyìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó tún mọ̀ ọ́n délẹ̀. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ Ègùn, àwọn ló sọ ọ́ ní Sẹ̀wànù, ìyẹn ni pé Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi, Bàbá Bọ́sẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í ké orúkọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé orúkọ ènìyàn rí, mi ò sì fẹ́ kí tirẹ̀ sọnù.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé wa ní Ìwòrò, kí ojú yín tó rí ilé, imú yín á ti mọ̀ ọ́n. Òróró àgbọn ni mo ń sè láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Òórùn rẹ̀ tó dùn bí ẹni ń yan ṣúgà yẹn ti wọ ògiri, ó wọ aṣọ, ó wọ irun orí mi. Ó máa ń pàdé òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà àti ti àwọ̀n tútù tí Bàbá Bọ́sẹ̀ máa ń sá sára ọgbà. Láàárín òórùn wọ̀nyí la ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ náà ni ọmọ ọmọ wa wá bá wa. Àbẹ̀ní ni mo ń pè é. Bọ́sẹ̀ ọmọ wa, tó ń ṣe tíṣà ní Ìjànìkín, ló mú un wá nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, tí kò sí ẹni tí yóò máa bójú tó ọmọ bí ìyá bá wà níbi iṣẹ́. Ó ní, “Màámi, ẹ bá mi mú un. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni ọmọdé kì í rẹ̀?

Kò pẹ́ tí ohun tó ń wí fi yé mi. Àbẹ̀ní kì í ṣe aláìgbọràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kó ṣe kedere. Bí ẹ bá ní kó lọ pọn omi wá, tayọ̀tayọ̀ ni yóò fi gbé ike. Ní ìdajì ọ̀nà yóò rí akàn, yóò tẹ̀lé akàn. Ẹyẹ á fò, á gbàgbé akàn. Nígbà tí mo bá jáde wá a, ike á wà lójú ọ̀nà, òun á wà lórí igi. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sì parí orin kan rí kó tó bọ́ sí òmíràn. Bàbá Bọ́sẹ̀ a máa ní, “Orin ilé yìí, ìrù ni kò ní.” Lọ́jọ́ kan ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò òróró tó ń hó, aṣọ rẹ̀ gbá ìkòkò, òróró dà sínú iná, iná sì ru sókè bí ẹni tí wọ́n bú. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Apá èmi ló jó, àpá rẹ̀ rèé. Kí n tó ráyè kígbe, ó ti ń sunkún ju èmi tí iná jó lọ. Ó ní, “Ìyá àgbà, mi ò mọ̀, ẹsẹ̀ mi ló sáré.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju iná lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Tíṣà rẹ̀, Mísìs Adéoyè, ọmọ Èkìtì, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀ pọ̀ bí ẹja sínsín. Ó pè mí, ó ní, “Ìyá, mo ti nà án, mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti fi í síwájú, mo ti fi í sẹ́yìn. Ọmọ náà gbọ́n, ó ń dáhùn ìṣirò kí n tó kọ ọ́ tán. Àmọ́ kò lè jókòó, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó. Ọ̀gá wa ní bí ó bá rí báyìí wọ sáà tó ń bọ̀, kó dúró sílé ná.” Dúró sílé ná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọbìnrin létí omi. Èmi tí bàbá mi ní kí n dúró sílé ná, mi ò padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn ti mọ ohun tó ń ṣe é: àwọn kan ní ẹ̀mí omi ni, àwọn kan ní àkẹ́jù ni. Bàbá Bọ́sẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń hun àwọ̀n rẹ̀ lọ. Ó wá ní, “Ẹja tó ń jà nínú àwọ̀n, ṣé oríkunkun ló ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ.”

Bọ́sẹ̀ ló rí dókítà náà nínú Èkó, obìnrin ni, Dókítà Ìbídùn. Ó bá ọmọ ṣeré, ó bi wá ní ìbéèrè títí, ó fún Mísìs Adéoyè náà ní tirẹ̀ láti dáhùn, kó tó pe orúkọ ohun tó ń ṣe é, lẹ́tà òyìnbó mẹ́rin kan. Nígbà tó rí i pé kò yé mi, ó fi í sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní èdè wa. Ó ní, “Ìyá, kì í ṣe àìgbọràn, kì í sì í ṣe ẹ̀mí kankan. Ọpọlọ rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ẹni tó ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí yóò dá lóhùn.” Ó ní oògùn wà, wọ́n ń gbé e mì lódindi láàárọ̀, a kò gbọdọ̀ rún un, a kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, yóò máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Bàbá Bọ́sẹ̀ ní, “Àárọ̀-dalẹ́.” Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe oògùn tí ẹ lè rí lórí igbá. Àfi kí dókítà kọ ìwé, bí ó bá tán, àfi kó tún kọ òmíràn, ilé oògùn tó sì ń tà á kò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ní ilé oògùn lójú títì ní Ìjànìkín, ló gbà láti máa bá wa gbé e wá láti Èkó. Owó rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ìgò kékeré kan tí mo lè fi ọwọ́ bò, ó ju ohun tí òróró mi ń mú wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin rẹ̀ lọ. Bọ́sẹ̀ ń san nínú owó oṣù rẹ̀, Bàbá Bọ́sẹ̀ ń san ìyókù, wọn kò sì jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń pín in.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ kìíní. Mo ń rin àgbọn lẹ́yìn ilé ni mo gbọ́ tí ọkọ mi ń pè mí pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń pe ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. “Ìyá Bọ́sẹ̀, wá wòran. Rọra gbẹ́sẹ̀.” Mo yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Àbẹ̀ní jókòó lórí àpótí, abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dí ojú àwọ̀n tó ya. Ó dí ọ̀kan, ó so ó, ó bọ́ sórí èkejì. Ẹyẹ fò kọjá. Ó gbójú sókè wò ó, ó sì padà sórí àwọ̀n rẹ̀. Ẹyẹ fò, ọmọ náà kò tẹ̀lé e! Omi ń bọ́ lójú ọkọ mi, ó ń ṣe bí ẹni pé èéfín ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni Mísìs Adéoyè fi ránṣẹ́ pé ó kọ ìwé láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń fún ni, ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú. Oúnjẹ ọ̀sán di ọ̀tá rẹ̀. Mo lè se ẹja tútù tí òórùn rẹ̀ ń pe ará ọ̀nà, yóò wò ó bí ẹni ń wo òkúta, yóò ní, “Ìyá àgbà, inú mi kún.” Inú wo? Àtàárọ̀! Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń lá a. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ó ń lù kìkì bí ẹyẹ tí a ká mọ́lé. Oorun kò tètè kùn ún mọ́. Orin sì lọ. Kò sí èyí tó ní ìrù, kò sí èyí tí kò ní. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí oògùn bá ń fi í sílẹ̀, yóò bínú, yóò sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan, okùn bàtà tó já, ìbéèrè tí mi ò tètè dáhùn. Ìgbà kan wà tí Bàbá Bọ́sẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, tó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ilé yìí mà dákẹ́ o.” Mo ní, “Ṣebí ohun tí a tọrọ nìyẹn.” Ó ní, “Òun náà ni mo ń wí.”

A padà lọ bá dókítà. Ó wọn ọmọ, ó gbọ́ ìlù àyà rẹ̀, ó dín oògùn náà kù. Ó ní kí n bọ́ ọ kó tó gbé e mì, kí n sì tún bọ́ ọ dáadáa bí oògùn bá ti lọ. Mo wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Bí àkùkọ bá ti kọ, ẹ̀kọ mímu tí mo fi omi àgbọn rinrin pò, pẹ̀lú ẹja yíyan. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ohunkóhun tó bá fẹ́. Ẹran ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìlù àyà náà rọlẹ̀. A rò pé a ti mọ ọ̀nà tó yẹ kí á gbà, bí ọkọ̀ tó ti mọ ibi tí iyanrìn wà lábẹ́ omi.

Ìgbà tí a ra ìgò kejì ni wọ́n wá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní oògùn aràn. Ẹ mọ àṣà wa: bí ọmọ bá lo oògùn aràn, ìyá àgbà ni í yẹ póò rẹ̀ wò láàárọ̀, kó lè mọ̀ bóyá aràn bọ́. Mo gbé póò Àbẹ̀ní jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo fi igi tú u. N kò rí aràn. Oògùn àárọ̀-dalẹ́ ni mo rí. Ó wà níbẹ̀ lódindi, bí ìgbà tí mo fi í sí i lọ́wọ́, kò fọ́, kò yọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo tún wò ó. Mo pe ọkọ mi.

Létí bodè là ń gbé. Kò sí ayédèrú tí kò gba iwájú ilé wa kọjá. A ti ra epo bẹntiróòlù tí wọ́n po omi mọ́, tó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láàárín ọ̀sà. A ti ra okùn àwọ̀n tí wọ́n ní ti Jàpáàn ni, tó já kí ẹja tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi gbé oògùn náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ké pe Ọlọ́run ní èdè Ègùn, ó ní, “Máwù! Wọ́n ti ta ike fún wa.” Mo ní ṣebí ọmọ ń jókòó. Ó ní, “Ìgò àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣé o kò rí i bó ṣe ń sá kiri lọ́sẹ̀ yìí ni?” Òótọ́ ni, ó ti sá kiri díẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ọmọdé a máa sá kiri.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí Ìjànìkín. Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé kò sí níbẹ̀, ó lọ ra ọjà, ìyàwó rẹ̀ ló dúró ti ọjà. Bàbá Bọ́sẹ̀ gbé ọ̀rá kékeré kan lé orí tábìlì.

“Bàbá, ẹ káàsán. Kí lèyí?”

“Oògùn yín ni. Ó lọ, ó bọ̀. Àjò ló rìn, kò ṣiṣẹ́ kankan.”

“Lọ, ó bọ̀ báwo? Ibo lẹ ti rí i?”

“Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí ni?”

Obìnrin náà ti gbé ọ̀rá súnmọ́ ojú kó tó yé e. Ó jù ú sílẹ̀, ó fi ìborùn bo imú. Ọlọ́kadà kan tó wá ra oògùn orí fífọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ wá dá ìdọ̀tí padà fún ẹni tó ni ín!” Èrò péjọ. Ẹni kan ní ayédèrú, ẹlòmíràn ní kí wọ́n ti ilé oògùn náà pa. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó dá owó padà fún wa, ó gba ìgò tí a mú dání pẹ̀lú ìyókù oògùn tó wà nínú rẹ̀. A padà sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ọkọ mi ra àkàrà lọ́nà, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ohun tó wí àti èyí tí kò wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Bọ́sẹ̀ dé, tó gbọ́, tó gbé fóònù, tó pe dókítà, tó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà ní, “Bàbá, ìkarahun lẹ rí. Oògùn náà ní ihò kan tó kéré gan-an, ibẹ̀ ni ohun inú rẹ̀ ń gbà kán jáde díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá tán, ìkarahun á jáde lódindi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún yín.” Mo wo ọkọ mi. A ti ń lu ojú àgbọn láti kékeré. A ń fi ìṣó lu ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, omi á dà tán, àgbọn á wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ẹni tó bá rí i á ní omi wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kó yé wa tó ìyẹn. Bàbá Bọ́sẹ̀ dìde, ó lọ tú àwọ̀n tí kò ya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilẹ̀ mọ́, ó dé Ìjànìkín kí Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé tó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kò bínú, ó bá a kẹ́dùn ni. Ó ní, “Bàbá, ó ti lọ. Ìyá ọmọ kan láti Ọ̀tọ̀ ti ń wá a látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ dá a padà náà ló rà á, ó ń sunkún ayọ̀.” Ó ní kò sí òmíràn ní Èkó, òun ti pè kiri. Wọn kò kó o wọlé bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, dọ́là ti gbé e lọ, bí òmíràn bá sì dé, kì í ṣe iye tí a rà á ni yóò jẹ́. Ìyá ará Ọ̀tọ̀ yẹn nìkan ni mi ò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń rò ó. Mi ò lè bínú sí i.

Oògùn kan wà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tó rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, wákàtí díẹ̀ ló ń ṣe. Dókítà ní kí á fi dí àlàfo. Àbẹ̀ní á lọ sílé ẹ̀kọ́ bí ènìyàn, tó bá di ọ̀sán, oògùn á lọ bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, òkùnkùn á dé lójijì. Ó yẹ kó lo òmíràn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní òun ò ní jẹ́ kí tíṣà fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn. Mo ń rìn lọ síbẹ̀ fúnra mi lọ́sàn-án pẹ̀lú oògùn nínú ìdí aṣọ, títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ọjọ́ tí mo pẹ́, ó ti sáré jáde dé ojú títì, ọ̀kadà kan sì já sí kòtò nítorí rẹ̀. Mísìs Adéoyè fúnra rẹ̀ ló mú un wá sílé. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní ó di ìgbà tí ẹ bá rí oògùn tó péye.” Àbẹ̀ní dúró lẹ́yìn mi, ó ń fa aṣọ mi. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ni.”

Báyìí ni Bàbá Bọ́sẹ̀ ṣe di arìnrìn-àjò. Ó fi àwọ̀n kọ́ sára ọgbà, ó fi ìwé dókítà sínú ọ̀rá, ó fi ọ̀rá sínú fìlà. Ó lọ sí Èkó. Ó lọ sí Àjàṣẹ́. Ó lọ sí Kútọ̀nù lọ́dọ̀ Dòsú, nọ̀vì rẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó mọ àwọn ilé oògùn ibẹ̀, tó sì lè bá wọn sọ Faransé. Àwọn aṣọ́bodè tú àpò rẹ̀ títí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pè é ní Bàbá Oògùn. Òfo ló máa ń mú bọ̀, a máa ní, “Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a dé, ó tún lọ. Mo ní kó sinmi. Ó ní, “Èmi ni mo dá a padà.” Mo ní àwa méjèèjì ni. Ó ní, “Ìwọ kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀. Èmi ni mo ní ẹnu.”

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Dòsú rí i. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po, ṣùgbọ́n òun gan-an ni, àárọ̀-dalẹ́. Àbẹ̀ní padà sílé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, bí ìgò bá sì ń lọ sópin, yóò tún wá òmíràn. Mo bi í pé níbo ló ti ń rówó. Ó ní ẹja ń wọlé. Ẹja kò wọlé tó bẹ́ẹ̀, imú mi mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n. Ní àkókò yẹn náà ni mi ò rí i mọ́ kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ tó ti ń lò láàárọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Wọ́n ní kí n dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀.” Mo dúpẹ́. Ó ń rìn, ó ń hun àwọ̀n, ó ń bá ọmọ ṣàwàdà lórí ẹ̀kọ. Kò sí ohun tó ṣe é lójú ẹni tó ń wò ó.

Òwúrọ̀ kan ló ṣubú lórí àwọ̀n, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ọkọ̀ ojú omi la fi gbé e dé Àgbádárìgì. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Nọ́ọ̀sì Títí, wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó bi mí pé oògùn wo ló ń lò. Mo ní wọ́n ní kó dá a dúró. Ó wò mí jẹ́jẹ́. Ó ní, “Mà, kò sẹ́ni tí í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga tó báyìí.” Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A wo ara wa, ohun kan náà ló sì wọ ọkàn wa. Àpò kan ló ní. Oògùn méjì ló yẹ kó ti inú rẹ̀ jáde. Ó ti yan ọ̀kan.

Mo jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ tó lò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ó mọ̀ mí, kò lè sọ̀rọ̀. Mo ń kì í. Mo ń wo ara rẹ̀ tó gùn gbọọrọ lórí ibùsùn, tó pé pérépéré, apá apẹja, àyà apẹja, mo sì ń rántí àgbọn tí a lu ojú rẹ̀. Ìgbà wo ló ti ń kán jáde tí a kò rí i? Mi ò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ṣé dókítà ni, tó fi sùúrù sọ ohun gbogbo, tí ọ̀kan sì fò ó? Ṣé ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé ni, tí ẹ̀rù bà? Ṣé dọ́là ni? Dọ́là kò ní ojú tí mo lè bá wí. Ènìyàn dáadáa ni gbogbo wọn, mo mọ orúkọ wọn, mo sì ń kí wọn. Ó kú lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì, tó jókòó, tó ń kọ̀wé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, Bọ́sẹ̀ mú ìgò tó kù wá bá mi nídìí iná. Oògùn díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ṣé kí á fún un lónìí?” Bí a kò bá fún un, yóò sá kiri láàárín èrò àti ibojì tó yanu sílẹ̀. Bí a bá fún un, ọ̀kan ti dín nínú ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ẹ̀mí rẹ̀ rà. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́. Ó gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀kọ tí mo pò fún un.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọ kọrin, ó jókòó. Wọ́n gbé pósí wálẹ̀, ó jókòó. Dòsú tó ti Kútọ̀nù wá ń sunkún bí ọmọdé, Àbẹ̀ní wò ó, ètè rẹ̀ gbẹ, ó lá a. Àwọn obìnrin ń sọ fún mi pé, “Ọmọ yìí mà gbọ́n o, ó mà dàgbà.” Mísìs Adéoyè fọwọ́ pa á lórí. Ohun tí a ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí, òun ló jókòó tì mí yẹn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ẹyẹ kan fò, kí ọmọ náà dìde tẹ̀lé e.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí àwọn èrò ti ń tú ká, mo rí i tó gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Oògùn ti ń lọ. Ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá, ó gba abẹ́ àwọ̀n tó ṣì wà lára ọgbà, ó dé orí iyanrìn tuntun ti ibojì, ó dojú bolẹ̀, ó sì ké. Gbogbo ẹkún àárọ̀ àti ti ọ̀sán ló sun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́sẹ̀ fẹ́ lọ gbé e. Mo di ọwọ́ Bọ́sẹ̀ mú. Mo lọ jókòó sórí iyanrìn náà tì í, mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé n kò ní ohun mìíràn tí mo lè fún un.

A sin Pọ́ọ̀lù Sẹ̀wànù Àjàní lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ilé wa ní Ìwòrò, lábẹ́ àgbọn tó gbìn nígbà tí a bí Bọ́sẹ̀.